Bí mo ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ n'Íbàdàn

Kí ẹ tó gbé kẹ̀kẹ́ jáde, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ táyà méjèèjì. Tó bá rọ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ fún búrẹ́èkì wò. Ẹ ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọ̀tún sókè kí ṣéènì má bàa jẹ ẹ́, kí ẹ sì di ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ sínú ọ̀rá, torí èyí tẹ́ ẹ wọ̀ á mu òógùn ṣáá ni.

Èmi kì í jẹ́ kí aago méje lù bá mi ní Bódìjà. Atẹ́gùn ṣì tutù nígbà yẹn, àwọn takisí máíkírà ò sì tíì gba títì. Ẹ máa gba apá ọ̀tún. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹ yà fún omi tó dárogún. Ẹ ò mọ bí kòtò abẹ́ ẹ̀ ṣe jìn tó.

Tí ẹ bá kan òkè lápá Mọ́kọ́lá, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ tì í. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti máa ń kí ìyá alákàrà.

"Ẹ kú àárọ̀, mà."

"Oníkẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ò ní í kọ lù ọ́ o!"

Àkàrà gbígbóná, àdúrà ọ̀fẹ́! Ta ló ń rí ìyẹn nínú máíkírà tí wọ́n há èèyàn mẹ́rin sẹ́yìn ẹ̀?

Tẹ́ ẹ bá dé Dùgbẹ̀, férémù gan-an ni kí ẹ fi àgádágodo tì mọ́ irin, kì í ṣe táyà nìkan.