Bí a ṣe ń ka nọ́ńbà ọjọ́ orí tó wà lára géèmù, kí a tó gbé fóònù fún ọmọ

Ọjọ́ tó ṣáájú Ojúde Ọba ni. Gbogbo àgbà inú ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ wò, ẹni tí gèlè rẹ̀ kò dúró ń pariwo, ẹni tí télọ̀ já kulẹ̀ ń bínú. Àwọn ọmọ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́. Dídákẹ́ wọn ló mú kí n lọ wò wọ́n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 7, ló mú fóònù ìyá rẹ̀ dání, àwọn mẹ́rin yòókù yí i ká. Nínú fóònù náà, ọkùnrin kan wà lórí ìkúnlẹ̀, èkejì gbé àdá sókè, ó ṣá a. Ẹ̀jẹ̀ ta sí gbogbo ojú rẹ̀. Ọmọ náà kò tiẹ̀ mira. Ó tún fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ṣá ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kejì.

Mo gba fóònù yẹn, mo wọ Play Store, mo wá géèmù náà. Lábẹ́ orúkọ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀, ohun kékeré kan wà níbẹ̀: 18+. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n wọn kan tó ti Èkó wá ti gbé géèmù náà sórí fóònù. Kò sẹ́ni tó kà á. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun rò pé máàkì tí wọ́n fún géèmù náà ni.

Iṣẹ́ fóònù títúnṣe ni mò ń ṣe. Láti ọdún náà, òbí tó bá gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kì í lọ kí n má fi nọ́ńbà yìí hàn án. Ẹ mú fóònù tiyín dání bí ẹ ti ń kà á, kí a jọ máa ṣe é.

Àkọ́kọ́, ẹ wá nọ́ńbà náà rí. Ẹ ṣí Play Store, ẹ kọ orúkọ géèmù tí ọmọ yín ń ta, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ìlà kan wà lábẹ́ orúkọ náà: ìràwọ̀ tí àwọn ènìyàn fún un, iye ìgbà tí wọ́n ti gbé e sórí fóònù, àti nọ́ńbà ọjọ́ orí. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, márùn-ún ni nọ́ńbà yìí: 3+, 7+, 12+, 16+ àti 18+. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yóò jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ọ̀rọ̀ yìí, torí nọ́ńbà kàn ń sọ pé nǹkan wà níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ló ń sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́.

«Violence» ni ìjà àti ìpalára. Ẹ wo ohun tó ṣáájú rẹ̀: «Mild» túmọ̀ sí pé ó fẹ́ẹ́rẹ́, «Moderate» pé ó mọ níwọ̀n, «Strong» pé ó le, «Extreme» pé ó kọjá àlà. «Fear» ni ohun tó ń dẹ́rù bani. «Language» tàbí «Swearing» ni èébú àti ọ̀rọ̀ rírùn. «Nudity» ni ìhòòhò, «Drugs» ni oògùn olóró, «Simulated Gambling» sì ni tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń fara wé láìfi owó gidi ta á.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn wà tí àwọn òbí kì í kà sí rárá. Ọ̀kan ni «In-app purchases»: wọ́n ń ta nǹkan nínú géèmù náà, owó gidi ni wọ́n sì ń gbà. Bí ẹ bá tún rí «includes random items» níwájú rẹ̀, ẹ dúró. Ìyẹn ni pé ọmọ yóò sanwó kó tó mọ ohun tó wà nínú àpótí tó ń rà. Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń ta kàlòkàlò rí kò nílò àlàyé. Ní 2018, ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù tiẹ̀ sọ pé irú àpótí olówó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá nínú àwọn géèmù kan, tẹ́tẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ kejì ni «Users Interact»: ọmọ lè bá ẹni tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ níbẹ̀. N óò padà sórí èyí.

Ta ló ń fún géèmù ní nọ́ńbà? Ẹ ti mọ ti fíìmù, 18 tí ẹ máa ń rí lára páálí fíìmù ilé wa. Àjọ NFVCB, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ló ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà. Ọ̀nà ibòmíràn ni ti géèmù gbà wá. Lọ́dún 1993 yẹn kan náà, àwọn aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà jókòó lórí ọ̀rọ̀ àwọn géèmù ẹlẹ́jẹ̀ bíi Mortal Kombat. Nígbà tó di 1994, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù dá àjọ ESRB sílẹ̀ fúnra wọn, láti máa sọ ọjọ́ orí tí géèmù kọ̀ọ̀kan yẹ. Àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ PEGI tiwọn ní 2003. Nígbà tí géèmù orí fóònù wá pọ̀ bí eèrà, tí àjọ kankan kò lè jókòó wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́, wọ́n para pọ̀ dá IARC sílẹ̀ ní 2013, Google Play sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2015. Ẹni tó ṣe géèmù yóò dáhùn àwọn ìbéèrè: ṣé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ṣé ènìyàn lásán ni wọ́n ń pa àbí iwin, ṣé èébú wà, ṣé tẹ́tẹ́ wà. Ìdáhùn rẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń gbé nọ́ńbà jáde fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí géèmù kan fi lè gba 12 níbì kan kó gba 16 níbòmíràn. Bí ẹni náà bá purọ́, àwọn àjọ yìí lè yí nọ́ńbà rẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè tún ohun kan ṣe, torí ó máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Nọ́ńbà yìí kò sọ bóyá ọmọ mọ géèmù náà ta. Géèmù ayò ọlọ́pọ́n tó wà lórí fóònù lè gba 3+, síbẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè ka ọmọ ayò. Ohun tí 3+ ń sọ ni pé kò sí ohun tí yóò ba ojú tàbí etí ọmọ jẹ́ níbẹ̀.

Kíkà nìkan kò tó. Fóònù ìyá ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi ń ta géèmù, orúkọ àgbà ló sì wà lórí rẹ̀. Lójú Play Store, àgbàlagbà ni ọmọ ọdún 7 yẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn fúnra yín.

Bí a ṣe ń tì í nìyí. Ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán kékeré tàbí lẹ́tà orúkọ yín tó wà lókè lápá ọ̀tún. Ẹ tẹ «Settings», lẹ́yìn náà «Family», lẹ́yìn náà «Parental controls». Ẹ tàn án. Yóò ní kí ẹ yan nọ́ńbà àṣírí mẹ́rin. Kí ọmọ má sí nítòsí nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì má lo ọdún tí wọ́n bí i. Gbogbo ọmọ ló mọ ọdún ìbí ara wọn, òun ni wọn yóò sì kọ́kọ́ dán wò. Kò tún gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ fi ń ṣí fóònù. Tẹ́ ẹ bá ti yàn án tán, ẹ tẹ «Apps & games», ẹ mú ọjọ́ orí tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ «Save». Fún ọmọ ọdún mẹ́jọ, 7+ ni mo máa ń mú. Orí fóònù yẹn nìkan ni ohun tí ẹ ṣe yìí ti ń ṣiṣẹ́ o. Bí bàbá náà bá máa ń gbé tirẹ̀ fún ọmọ, ẹ ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ má tíì kúrò nínú «Settings». Ẹ wá «Purchase verification», tí fóònù àtijọ́ ń pè ní «Authentication», kí ẹ ṣe é kó máa bèèrè ọ̀rọ̀ àṣírí nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rà nǹkan. Oníbàárà mi kan tó ń ta gàrí ti fi káàdì báńkì rẹ̀ sórí fóònù rí. Ọmọkùnrin rẹ̀ ń ra ẹ̀wù fún akọni inú géèmù, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Owó ọjà ló ń lọ yẹn. Ìyá náà kò mọ̀ títí ó fi fẹ́ san owó ẹ̀gẹ́.

Fèrèsé kan ṣì ṣí sílẹ̀. Àwọn ọmọ ń fi Xender tàbí Bluetooth gbé géèmù láti fóònù kan sí èkejì, ìyẹn kò sì gba ọ̀dọ̀ Play Store kọjá rárá, nítorí náà kò sí nọ́ńbà tó lè dá a dúró. Ẹ wọ «Settings» fóònù fúnra rẹ̀, ẹ wá «Install unknown apps», kí ẹ pa á fún gbogbo áàpù tí ẹ bá rí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ èyí tó ti wà lórí fóònù tẹ́lẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ohun tó ti wọlé kí ẹ tó tilẹ̀kùn kò ní jáde fúnra rẹ̀.

Ọmọ tó bá ní fóònù tirẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 13, ẹ fi Family Link, áàpù Google tí òbí fi ń ṣọ́ fóònù ọmọ, ṣí orúkọ ọmọdé fún un. Bó bá fẹ́ gbé géèmù kan sórí fóònù, ìbéèrè yóò wá sórí fóònù tiyín, ẹ lè gbà, ẹ lè kọ̀. Ẹ tún lè ṣe é kí fóònù náà ti ara rẹ̀ pa nígbà tí oorun bá tó. Lórí iPhone, inú «Screen Time» ló wà, lábẹ́ «Content & Privacy Restrictions». Nọ́ńbà ti Apple yàtọ̀: 4+, 9+, 12+ àti 17+ ni tẹ́lẹ̀, wọ́n yí i sí 4+, 9+, 13+, 16+ àti 18+ ní 2025.

Mo ní n óò padà sórí ọ̀rọ̀ àlejò. Ohun tó wà nínú géèmù ni nọ́ńbà ń wò, kò lè wo ẹnu ẹni tí ọmọ yóò bá pàdé níbẹ̀. Géèmù 7+ lè ní ibi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí àgbà ọkùnrin tí ẹ kò mọ̀ ti lè sọ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni òun, kó máa bèèrè ilé-ìwé tí ọmọ yín ń lọ. Bákan náà, áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ lè ní nọ́ńbà kékeré lára ní ilé ìtajà, kí àwọn tó ni ín sì máa sọ nínú òfin wọn pé 13 ni. Ọdún 13 ni WhatsApp, Facebook àti TikTok sọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí «Users Interact», ẹ wọ inú géèmù náà fúnra yín, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Kí ẹ sì sọ fún ọmọ pé ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè àwòrán rẹ̀, orúkọ àdúgbò rẹ̀, tàbí tó ní kó má sọ fún ìyá rẹ̀, kó gbé fóònù wá fún yín, ẹ kò ní nà án. Bí ẹ bá ti ṣèlérí èyí, ẹ má nà án lóòótọ́, torí ẹ̀ẹ̀kan péré tí ẹ bá nà án, kò ní gbé e wá mọ́.

Ilé géèmù náà ńkọ́? Wọ́n wà ní Ṣágámù, wọ́n wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Páálí tó gbé nọ́ńbà kì í sí níbẹ̀, gbogbo géèmù ti wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ bèèrè orúkọ ohun tí ọmọ yín ń ta. Bọ́ọ̀lù FIFA, 3 ni PEGI fún un. GTA V, 18 ni. Tẹlifíṣọ̀n méjèèjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú yàrá kan ṣoṣo. Ẹ wọlé, ẹ kí onílé géèmù, ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni tiyín, bọ́ọ̀lù nìkan ni kó máa tàn fún un. Mo ti bá méjì sọ ọ́, àwọn méjèèjì gbọ́, wọ́n gbé ìjókòó àwọn ọmọdé kúrò níbi tí wọ́n ti lè máa wo ti àwọn àgbà.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Ṣágámù lálẹ́ ọjọ́ Sátidé tó kọjá. «Ọmọ rẹ tún ti gbé fóònù wá o, ó ní ó ń bèèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ òun.»

Mo ní, «Ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Kí ni wọ́n kọ sí i?»

«12+.»

«Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ní kó kà á sókè.»

Mo ń gbọ́ ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ka «Moderate Violence» ní lẹ́tà-lẹ́tà. Lẹ́yìn náà ó béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé kí ni ìyẹn túmọ̀ sí, ìyá rẹ̀ sì ń sọ fún un.