Nọ́ńbà ta ló wà lẹ́yìn àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù yín?

Ní Ṣómólú níbi tí mo ti ń tẹ̀wé, ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ password ímeèlì wa sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń gé bébà: orúkọ ṣọ́ọ̀bù, kí 1234 tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá béèrè, mo kàn ń nawọ́ sí i ni. Àwọn tó wá gba ìwé ìpè ìgbéyàwó pàápàá ń kà á.

Síbẹ̀, kì í ṣe olè ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ló gba fríídọ̀ọ̀mù, ó padà sí Ìwó. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà wa kú, mo ra òmíràn, Google ní òun á fi kóòdù ránṣẹ́ kí n tó wọlé. Sórí nọ́ńbà ta ni? Ti ọmọ yẹn, torí òun ló bá wa ṣí ímeèlì náà. Síìmù ọ̀hún sì ti sọ nù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni iṣẹ́ oníṣẹ́ fi há sínú ímeèlì tí a kò lè ṣí.

Torí náà, ẹ má ì tíì fọwọ́ kan password. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ ra síìmù kan fún ṣọ́ọ̀bù, kí ó wà lórí NIN ọ̀gá fúnra rẹ̀, kí ẹ sì máa ra káàdì sí i. Síìmù tí a bá pa tì fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè tì í. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹlòmíì ni yóò máa gbé nọ́ńbà yín káàkiri. Ẹ fi PIN sí síìmù náà, kí ẹni tó bá já fóònù gbà ní Palmgrove má baà kì í bọ inú fóònù tirẹ̀ láti gba kóòdù.

Ó wá kan password. Kí ó gùn ló ṣe pàtàkì. Láti 2017 ni NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀, ti ń sọ pé ká yé fipá mú èèyàn pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè, torí ńṣe ni wọ́n máa ń sọ 1 di 2. Ẹ di ojú, ẹ fìka tọ ọ̀rọ̀ márùn-ún nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ tò wọ́n pọ̀ láìfi àmì sí i. Ẹ má lo oríkì tàbí òwe o! Ẹni tó bá mọ ìbẹ̀rẹ̀ òwe ti mọ ìparí rẹ̀.

Bitwarden, áàpù tó ń bá èèyàn tọ́jú password, ni mo ń kó wọn sí. Èmi àti akọ̀wé owó mi jọ ń lò ó láìsan kọ́bọ̀. Ẹni kẹta ló máa di owó. Password kan ṣoṣo tó ń ṣí Bitwarden náà wà nínú àpòówé tí a lẹ̀ pa, lọ́dọ̀ ìyàwó mi, torí bí mo bá gbàgbé rẹ̀, Bitwarden ò lè bá mi ṣí i. Àwọn ọmọ yòókù ò nílò password Facebook wa rárá: orúkọ tiwọn ni wọ́n fi ń wọlé, iṣẹ́ tí mo bá yàn fún wọn nìkan ni wọ́n lè ṣe.

Lórí WhatsApp, ẹ fi PIN onínọ́ńbà mẹ́fà sí i. Ní gbogbo Sátidé, tí a bá ka owó tán, mo máa ń ṣí “Linked devices”, níbi tí a ti ń rí àwọn ẹ̀rọ tó so mọ́ WhatsApp wa. Èyí tí n kò bá mọ̀ níbẹ̀, mo yọ ọ́. Ọjọ́ tí ọmọ bá sì ń gba fríídọ̀ọ̀mù, kí bàbá rẹ̀ tó gbàdúrà, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí mínírà, mo ti yọ fóònù rẹ̀, mo ti pààrọ̀ gbogbo ohun tó mọ̀. Kò sí ìbínú níbẹ̀.

Ọmọ Ìwó yẹn ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, “Ọ̀gá, ímeèlì wa ò ṣí.” Mo ní nọ́ńbà ta ló fi ṣí i. Ó dákẹ́ lọ títí, ó ní, “Ti àbúrò mi ni, sà. Ó ti lọ sí Kútọnu.”