Síkẹ́ẹ̀tì nẹ́ẹ̀tì tó ń já bọ́ nídìí ọmọ mi

Nẹ́ẹ̀tì, aṣọ oníhò wẹ́wẹ́ tí mo rà ní Ọjà Jagun l'Ógbòmọ̀ṣọ́ láti fi ṣe síkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ mi, ò níṣòro. Rọ́bà ìbàdí ló dà mí láàmú. Ìbàdí ọmọ jẹ́ ínṣì 20, mo sì gé rọ́bà sí 20 géérégé. Bó ṣe fò lẹ́ẹ̀kan, síkẹ́ẹ̀tì ti dé orúnkún! Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Mo tú gbogbo ẹ̀. Mo gé rọ́bà sí 18, mo fabẹ́rẹ́ rán ẹnu ẹ̀ pọ̀, mo fi há ẹ̀yìn àga. Mo ṣẹ́ ègé nẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan po sí méjì, mo ti ojú ibi tó ti ṣẹ́po gba abẹ́ rọ́bà, mo wá fa ìdí ẹ̀ méjèèjì gba inú ojú náà. Ẹ má fà á le jù o, rọ́bà á ká jọ.

Nẹ́ẹ̀tì ń yún ọmọ lára, ni mo bá wọ yẹ̀rì fún un sábẹ́. Àtàárọ̀ ló ti ń jó, síkẹ́ẹ̀tì ò tíì já bọ́.