Kí ẹ tó wa RV lọ sí Kartchner Caverns

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fẹ́ wa RV, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn nínú, lọ sùn ní Kartchner Caverns, ọgbà ìgbafẹ́ tó ní ihò àpáta ní Arizona ní Amẹ́ríkà, tíkẹ́ẹ̀tì ihò àpáta ni kó kọ́kọ́ rà kó tó gba àyè ọkọ̀. Ọ̀tọ̀ ni owó méjèèjì. Tó bá jẹ́ Big Room, ìyẹn yàrá ńlá kan nínú ihò náà, lẹ fẹ́ rí, ẹ má lọ nígbà ooru: láti àárín oṣù kẹrin títí di àárín oṣù kẹwàá ni wọ́n ń tì í, torí àwọn àdán ń bímọ níbẹ̀. Ẹ fi fóònù àti báàgì sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ má sì gbé kóòtù o! Aṣálẹ̀ ni ìta lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rinrin inú ihò yẹn ń lọ sí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ máa làágùn. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ kí wọ́n má fọwọ́ kan òkúta. Òkúta inú ihò náà ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, òróró ọwọ́ wa ni kì í jẹ́ kó dàgbà mọ́.