Bí mo ṣe kọ́lé fún ẹyẹlé lẹ́yìnkùlé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́

Gbogbo ẹni tí mo sọ fún pé mo fẹ́ sin ẹyẹlé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi mí: kí lo fẹ́ fi ṣe? Màmá mi bi mí, káfíńtà bi mí, kódà Àlàájì tó tà wọ́n fún mi ní Sábó bi mí, ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ mi o! Ṣé wàá máa tà á ni, ṣé wàá máa jẹ ẹ́ ni, àbí ẹnì kan ló ní kó o lọ wá ẹyẹlé funfun wá, ìyẹn tiẹ̀ ni màmá mi ò là lẹ́nu, ojú ló fi bi mí, ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ìdáhùn tí mo ní ò ju ẹyọ kan lọ, pé ó wù mí ni. Láti kékeré ló ti ń wù mí. Agbo ilé kan wà lọ́nà ilé ìwé wa nígbà yẹn tí ẹyẹlé kún orí páànù wọn, tí mo bá ti débẹ̀ ẹsẹ̀ mi ò ní gbé mọ́, ẹgba tí mo jẹ lórí pípẹ́ dé ilé ìwé, ẹyẹlé ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Mo ti wá rán aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Tákíè, mo fi owó ẹ̀ tọ́ ọmọ, àbíkẹ́yìn mi ti wọ yunifásítì LAUTECH, ó wá ku èmi àti màmá mi nínú ilé. Mo ní ó ti tó, ẹyẹlé yìí ló kàn báyìí.

Ilé wọn ni mo kọ́kọ́ ṣe kí n tó ra ẹyẹ kankan. Káfíńtà àdúgbò wa, bọ̀ọ̀dá kan tó máa ń bá wa tún ìlẹ̀kùn ṣe, ni mo pè. Mo ní mo fẹ́ ilé onípákó tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, kó ga ju orí mi lọ díẹ̀, kó jẹ́ pé tí mo bá gun àpótí, ọwọ́ mi á tó inú ẹ̀ láti gbálẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Àǹtí, ṣé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fẹ́ máa gbé ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni o. Ohun tó jẹ́ kó gbọ́dọ̀ ga ni pé àwọn tó ń wá ẹran ẹyẹlé jẹ pọ̀ nílẹ̀, ológbò ń wá a, ejò ń wá a, èkúté ń wá ẹyin ẹ̀, ṣùgbọ́n ìjàlọ ló burú jù lójú tèmi, torí ejò lè gbé ẹyọ kan kó máa lọ, àmọ́ tí ìjàlọ bá gun ibi tí ọmọ ẹyẹlé wà lóru, eegun lẹ máa bá níbẹ̀ láàárọ̀. A wá fi páànù yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan po lókè, kí èkúté tó bá gùn ún débẹ̀ lè yọ̀ ṣubú, a gbé ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú agolo, mo sì ń rọ ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì máa ń tú dànù sínú agolo yẹn. Kì í gbowó lọ́wọ́ èèyàn, ẹ ṣáà gbé kẹ́ẹ̀gì lọ bá wọn.

Ojú ilé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Káfíńtà fẹ́ kí ó kọjú sí ìlà oòrùn kí oòrùn àárọ̀ lè máa wọlé, ó dáa létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò tiwa níbí, ìlà oòrùn ló ti sábà máa ń ṣú bọ̀, ìjì ẹ̀ á ti kọ́kọ́ gbá gbogbo ẹnu ọ̀nà tó bá kọjú síbẹ̀ kí omi tó tẹ̀lé e, tó bá sì tún di ìgbà ọyẹ́, ọ̀nà àríwá àti ìlà oòrùn náà ni atẹ́gùn gbígbẹ yẹn ń gbà wọlé. Gúúsù la padà kọjú ẹ̀ sí. Nínú ilé, a dá àyè sọ́tọ̀ sọ́tọ̀, méjì méjì fún tọkọtaya kọ̀ọ̀kan, torí pé ẹyẹlé kì í fi ọmọ bíbí falẹ̀ rárá, àwọn ọmọ àkọ́kọ́ ò tíì ní kúrò nínú ìtẹ́ tí ìyá wọn á ti máa wá ibi tí yóò yé òmíì sí. Iwájú ẹ̀, a ṣe fàráǹdà kékeré kan, a fi nẹ́ẹ̀tì oníwáyà bo gbogbo ẹ̀. Fàráǹdà yìí ṣe pàtàkì gan-an, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Ohun tí wọ́n máa yé ẹyin sí ló wá kù. Nínú kíṣìnnì àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa, àwọn ìṣaasùn ìyá àgbà wà níbẹ̀, wọ́n tò síra wọn ní kọ̀rọ̀. Ìyá tó bí màmá mi ló ni wọ́n, Ìlọrin ló ti rà wọ́n, ní Dàda níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, wọ́n ṣì dúdú, wọ́n ń dán. Kò sẹ́ni tó ń fi wọ́n sebẹ̀ mọ́ látìgbà tí gáàsì ti wọlé wa, ṣùgbọ́n tí ọdún bá ti ku díẹ̀, màmá mi á kó wọn síta, á fọ̀ wọ́n, á sá wọn sóòrùn, á tún kó wọn padà síbi tí wọ́n wà. Mo wá rọra sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan pé Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú méjì péré nínú àwọn ìṣaasùn yẹn. Háà! "Ìṣaasùn ìyá mi ni kí ẹyẹ máa yàgbẹ́ sí?" Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ mo lọ ra apẹ̀rẹ̀ pẹlẹbẹ lọ́jà.

Ẹyẹ rírà wá. Ọmọ ẹyẹlé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá jẹun ni kí ẹ rà o, ẹ má ra àgbà, bó ti wù kó rẹwà tó. Àgbà ẹyẹlé ti mọ ilé ẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn fún un ló ń padà síbi tí wọ́n ti tà á, ẹni tó tà á fún yín á sì tún un tà fún ẹlòmíì. Bí ẹ ṣe máa mọ ọmọdé: irun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ aláwọ̀ ìyeyè kan máa ń ṣẹ́ kù lórí àti lọ́rùn ẹ̀ láàárín ìyẹ́, ẹran kékeré tó wà lókè imú ẹ̀ á ṣì rọ̀, kò ní tíì funfun kó wú bíi ti àgbà, ohùn ẹ̀ náà á ṣì máa dún fín-ín fín-ín, kò ní tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ké kúù-kúù. Akọ àti abo ni ẹ ò ní lè dá mọ̀ nígbà yẹn, nítorí náà mẹ́fà ni mo rà, mo ní Ọlọ́run á pín in. Iye tí Àlàájì kọ́kọ́ pè, mo pòṣé, mo ṣe bí ẹni fẹ́ máa lọ, ó pè mí padà, bó ṣe máa ń rí náà ni. Ọlọ́kadà tó gbé èmi àti apẹ̀rẹ̀ wálé tún bojú wẹ̀yìn, ó ní "Àǹtí, ẹyẹlé? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Oríkì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ní ọkà là ń jẹ ká tó mu ẹ̀kọ yangan, tàwọn àlejò mi yìí yàtọ̀, yangan ni wọ́n fi ń ṣe ohun gbogbo. Odidi ni wọ́n ń gbé e mì o, ẹ má lọ̀ ọ́. Mo máa ń po ọkà bàbà mọ́ ọn, pẹ̀lú ẹ̀wà díẹ̀ kó lè lágbára nínú. Ẹyẹ ò léyín, òkúta wẹ́wẹ́ ló ń bá wọn lọ oúnjẹ nínú iwe, nítorí náà mo bù yanrìn olókùúta sí agolo kan fún wọn, mo gún ìkarawun ìgbín àti èèpo ẹyin mọ́ ọn, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹyin tiwọn náà le. Omi ni kí ẹ máa ṣọ́, kó mọ́, kó sì jìn díẹ̀, torí adìẹ á bu omi á gbójú sókè kó tó gbé e mì, ẹyẹlé ò ráyè ìyẹn, á ti gbogbo ẹnu bọ omi á máa fà á lọ gbuurugbu. Wọ́n tún máa ń wẹ̀. Ẹ gbé báàfù omi kan fún wọn lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú kí ẹ wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ti jẹ́ kí oníbàárà dúró de aṣọ ẹ̀ nítorí ẹyẹlé tó ń wẹ̀, kò sì dùn mí.

Fàráǹdà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni wọ́n wà fún bí oṣù kan gbáko, tí mi ò jẹ́ kí wọ́n fò. Wọ́n ń wo òrùlé wa, wọ́n ń wo igi màńgòrò, wọ́n ń gbọ́ ohùn mi. Tí mo bá fẹ́ fún wọn lóúnjẹ, n ó kọ́kọ́ mi agolo yangan kẹrẹkẹrẹ kí n tó dà á fún wọn, títí tó fi jẹ́ pé tí agolo bá ti dún báyìí, gbogbo wọn á ti rọ́ wá. Àwọn èèyàn ti ń lo ọgbọ́n bí ẹyẹlé ṣe ń mọ̀nà ilé tipẹ́ o. Lọ́dún 1850, ọkùnrin tó dá ilé iṣẹ́ ìròyìn Reuters sílẹ̀ fi ẹyẹlé gbé ìròyìn láàárín Aachen ní ilẹ̀ Jámánì àti Brussels ní Bẹ́ljíọ̀mù, torí okùn tẹligíráàmù ò tíì so ìlú méjèèjì pọ̀ nígbà yẹn, ẹyẹlé yára ju ọkọ̀ ojú irin lọ. Èmi ò ní kí tèmi gbé ìròyìn kankan, kí wọ́n ṣáà padà wálé.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ tú wọn sílẹ̀, mi ò fún wọn lóúnjẹ láàárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni mo ṣílẹ̀kùn, nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀, tí ebi ti ń pa wọ́n, kí ó má sí àsìkò láti lọ jìnnà. Wọn ò tiẹ̀ kọ́kọ́ jáde! Ó pẹ́ kí ẹyọ kan tó bọ́ sórí páànù, àwọn yòókù tẹ̀lé e, lójijì gbogbo wọn gbéra, wọ́n yí ilé po, wọ́n ga, wọ́n ga sí i, mo ń wò wọ́n, orí mi ń wú. Màmá mi jáde wá láti inú ilé, wọ́n gbé ọwọ́ síwájú orí, wọ́n ní "tọ̀tún tòsì lẹyẹlé fi ń kó ire wọlé, wọ́n á kó ire wá bá wa." Mo mi agolo. Wọ́n wálé o, àyàfi ẹyọ kan tó sùn sórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn wa. Ẹ ò ní gbà gbọ́, màmá mi tó ní ìlò wo ni ẹyẹlé ní, àwọn ni wọ́n ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn, aago mẹ́fà àárọ̀ ò tíì lù tí mo fi ń gbọ́ kẹrẹkẹrẹ agolo lẹ́yìnkùlé. Ó wálé.

Nígbà tí wọ́n dàgbà tó láti mú ara wọn, akọ bẹ̀rẹ̀ sí wú ọrùn, ó ń yí po, ó ń jó, ó ń ké tẹ̀lé abo kiri. Tó bá ti gbà fún un tán, iṣẹ́ ìtẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọkọ á lọ ṣa igi tín-ín-rín, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, á gbé e wá fún ìyàwó, ìyàwó á gbà á, á tò ó sábẹ́ ara ẹ̀, ọkọ á tún lọ. Àga màmá mi ti kúrò níwájú ilé, ó ti dé ẹ̀yìnkùlé. "Ọkùnrin yìí mà ń ṣiṣẹ́ o, ọkọ tèmi ò ṣe tó báyìí," wọ́n sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá mi sáfẹ́fẹ́ rere. Wọ́n wá wo apẹ̀rẹ̀ mi títí, wọ́n ní nǹkan pẹlẹbẹ yìí, ẹyin á yí dànù nínú ẹ̀. Wọ́n dìde. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìṣaasùn méjì ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti fi àkísà nù ún, wọ́n ní kí n gbé e sókè kí ó tó di pé ọkàn àwọn yí padà. Mo bu yanrìn àti koríko gbígbẹ sísàlẹ̀ ẹ̀, mo gbé e sípò, àwọn ẹyẹ ò tiẹ̀ jiyàn.

Ẹyin méjì ni ẹyẹlé máa ń yé. Tó bá yé àkọ́kọ́ lọ́sàn-án òní, kì í ṣe ọ̀la ni yóò yé èkejì, ọ̀túnla ni. Tọkọtaya ló jọ ń sàba, ọkọ á gbà á láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìyàwó á gba òru. Bí ọjọ́ méjìdínlógún ni wọ́n fi ń pa. Àwọn ọmọ náà ò rẹwà o, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ojú wọn dì, ẹnu wọn tóbi ju orí lọ, irun ìyeyè ṣókí ṣókí. Oúnjẹ wọn ló yà mí lẹ́nu jù, torí ohun kan bíi wàrà tó ki ló máa ń jáde láti inú àpò ọ̀fun bàbá àti ìyá, bàbá náà o, ọmọ á ti ẹnu bọ ẹnu wọn á máa mu. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí po ọkà tó ti rọ̀ mọ́ ọn, tó bá fi máa tó bí oṣù kan, wọ́n ti ń fò.

Iṣẹ́ tí kò dùn níbẹ̀ ni imí gbígbá. Ẹ fi aṣọ bo imú yín o, eruku imí gbígbẹ yẹn ò dáa fún àyà, kí ẹ sì wọ́n omi sí i díẹ̀ kí ẹ tó gbá a. Ṣùgbọ́n kò ṣòfò, ìyá kan ládùúgbò tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ ti gbé àpò sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń wá kó o, ẹ̀fọ́ ló sì fi ń sanwó.

Ní báyìí, mi ò lè ka iye tí wọ́n jẹ́ láìṣì í kà, káfíńtà fúnra ẹ̀ ti ní kí n fi tọkọtaya kan pa mọ́ fún òun, mi ò tiẹ̀ bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ nínú àwọn ọmọ, kó gbé apẹ̀rẹ̀ onídèérí dání kó sì wá lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, torí ìgbà tí wọ́n bá ti sùn là ń rí wọn mú, ọ̀sán ò ṣe é ṣe.