Bí a ṣe kọ ètò ìrìnnà kan ṣoṣo fún ìlú mẹ́rin tó pàdé ní oríta Àjàṣẹ́-Ìpo

Ẹni tó bá ti Ìlọrin bọ̀, oríta Àjàṣẹ́-Ìpo ni ọ̀nà ti ń pín fún un. Ẹsẹ̀ kan yà sí Ọ̀fà, ó gba Ẹ̀rìn-Ilé kọjá sí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹsẹ̀ kejì forí lé Ọ̀mù-Àrán, ó ń lọ sí ọ̀nà Kábà. Àjàṣẹ́-Ìpo, Ọ̀fà, Ẹ̀rìn-Ilé àti Ọ̀mù-Àrán ni ìlú mẹ́rin tí mò ń sọ, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sì wà: Ìrẹ́pọ̀dùn, Ọ̀fà àti Ọ̀yun. Àwọn èrò ọkọ̀ kò mọ ààlà yẹn. Ẹni tó sùn sí Ẹ̀rìn-Ilé lè ná ọjà l'Ọ̀fà láàárọ̀, kó lọ wo màlúù ní káràá Àjàṣẹ́ lọ́sàn-án, kó sì kí ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì Ọ̀mù-Àrán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tí àwọn àgbà ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹnu kò pé kí a kọ ètò ìrìnnà kan tí gbogbo wa yóò jọ máa lò, èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé, torí iṣẹ́ ètò ìlú ni mo kọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo lọ ka ọkọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ méjì bá mi jókòó sí oríta láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di mẹ́wàá, a tún padà lọ láti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí méje. Bí ọkọ̀ bá kọjá, a ó fa ìlà kan. Ẹ̀karùn-ún, a ó fi dábùú mẹ́rin tó ṣáájú. A ka ọ̀kadà sí ìdajì ọkọ̀ kékeré, a ka tírélà kan sí mẹ́ta, torí àyè tí kálukú ń gbà lójú títì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, ọkọ̀ ò sì pọ̀. Mo fi inú dídùn gbé ìwé náà lọ sípàdé.

Bàbá kan láti Àjàṣẹ́ kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kà á tán. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ wo lẹ ka ọkọ̀ yìí?" Mo ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní, "Mi ò béèrè Ìṣẹ́gun. Ọjà ń kọ́?"

Àṣìṣe mi nìyẹn, ó sì dùn mí, torí ilé ọjà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ọrọọrún ni a ń ná àwọn ọjà wa. Bí ọjà bá bọ́ sí Ajé lónìí, Ẹtì ló tún kàn, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí Ajé. Ọjọ́ 28 ni kí ọjà tó pàdé ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá ka ọkọ̀ ní Ìṣẹ́gun kan ṣoṣo, apá kan lára ọjọ́ 28 ló rí. Àwọn ìwé tí a fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje nìkan ni wọ́n mọ̀. A pín ara wa sí ìsọ̀rí, a sì tún un kà fún odindi ọjọ́ 28. Lọ́jọ́ tí ọjà ò sí, ewé méjì gba gbogbo ìlà tí a fà. Lọ́jọ́ ọjà, márùn-ún ò tó.

Ọjọ́ ọjà bẹ́ẹ̀ ni mo rí ìyá aláta kan. Ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n ti ń bọ̀, ọjà Ọ̀wọ́dé l'Ọ̀fà ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n oríta ni ọkọ̀ tó gbé wọn já wọn sí, torí kò ní ìwé gáréèjì ti ẹsẹ̀ ọ̀nà kejì. Agbọ̀n mẹ́ta wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, àpò tútù bò wọ́n lórí. Ọmọkùnrin kan gba owó láti rù wọ́n sọdá títì, ó sì sọ ọ̀kan kalẹ̀ gbì. Ìyá náà ṣí àpò yẹn, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ ata ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣa èyí tó ti rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ọmọ mi, wò ó. Ìgbà tí wọ́n bá gbé e ni ó máa ń fọ́. Bí n bá jókòó sínú ọkọ̀ kan títí d'Ọ̀fà, gbogbo èyí ni n bá tà." Ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta ni èyí tó rọ̀. Mi ò lè gbàgbé rẹ̀, òun ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀ ìròyìn tí mo kọ.

Mo wá lọ bá àwọn awakọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń wa bọ́ọ̀sì kó ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà jáde, ó tẹ́ wọn sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì: ọ̀kan fún gáréèjì tó ti gbéra, ọ̀kan fún oríta, ọ̀kan fún ibi tó já èrò sí. Èyí tó bá fẹ́ yẹra fún owó ẹ̀ẹ̀kejì, oríta ló máa já èrò rẹ̀ sí. Mo wá rí i pé ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ló ń dá sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ oríta yẹn sílẹ̀ ju kòtò ojú títì lọ.

Lábẹ́ ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni àṣẹ lórí gáréèjì, ìjọba àpapọ̀ ló sì ni títì ńlá tó gba ibẹ̀ kọjá. Nítorí náà, nínú ètò wa, iwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni mo kọ ẹni tó ni àṣẹ rẹ̀ sí, kí a má baà fi ọdún mẹ́ta bẹ ẹni tí kò lè ṣe é.

Ìpàdé lórí tíkẹ́ẹ̀tì ló le jù. Ẹnì kan béèrè ohun tó fẹ́ mú kí ìlú tó dá dúró jókòó bá òmíràn pín ètò. Mo sọ fún wọn pé ní Amẹ́ríkà, láti 1962, òfin ti sọ pé ìgboro tí èrò rẹ̀ bá ju 50,000 lọ, àwọn ìlú inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ ṣètò ìrìnnà kí wọ́n tó rí owó títì gbà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ìyá kan láti Ẹ̀rìn-Ilé dá mi lóhùn pé, "Owó ni wọ́n fi so tiwọn pọ̀. Kí la fẹ́ fi so tiwa?" Mi ò ní èsì lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a pàdé lórí ìbéèrè yẹn, a jiyàn bí a ó ṣe pín owó, kò sì sí ìṣirò tó tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Ọ̀gá awakọ̀ kan ló tú u: kí ọkọ̀ sanwó níbi tó ti gbéra nìkan, kí gbogbo gáréèjì yòókù bọ̀wọ̀ fún ìwé náà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bó bá ń padà bọ̀, ibi tó ti ń padà ni yóò san ti ibẹ̀. Kò sí owó tí ẹnikẹ́ni ń pín fún ẹnikẹ́ni. Bàbá kan láti Ọ̀fà dìde, wọ́n ní, "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n a kì í bá ẹni tó ń gbé ata bọ̀ wá jìjàkadì." Ibẹ̀ ni a gbà á sí.

Àwọn ìyókù kò gba wàhálà púpọ̀. A ní kí kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà ní ibùdó tiwọn, kúrò lẹ́nu oríta gan-an. A ní kí a la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé. A fẹ́ jà lórí orúkọ ìlú tí yóò ṣáájú lẹ́yìn ìwé, a wá yọ gbogbo orúkọ kúrò níbẹ̀, àwòrán oríta ni a fi sí i. Mo ya ewé kan sọ́tọ̀ fún ojú irin Ọ̀fà. Nígbà tí rélùwéè kan Jẹ́bà ní 1909, ó ti gba Ọ̀fà kọjá, ó sì dùn mí pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù tó yẹ kó máa gba orí irin ló ń gba títì. A kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè bá a níbẹ̀.

Ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti buwọ́ lù ú. Ọ̀rọ̀ tírélà tó ń páàkì sí etí títì l'Ájàṣẹ́ kò tíì yanjú, torí kò sí lábẹ́ àṣẹ ìkankan nínú wa. A ti kọ lẹ́tà, a ń retí èsì. Oṣù tó ń bọ̀ ni a ó tún jókòó sí oríta fún ọjọ́ 28, ká lè mọ iye ọkọ̀ tó ṣì ń já èrò sílẹ̀ níbẹ̀.