Aràn inú ajá: ẹ tètè máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀

Ọmọ ajá lè ti kó aràn láti inú ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó bí i, ó sì tún lè mu ún mọ́ ọmú. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ikùn rẹ̀ bá wú. Tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 2, ẹ fún un ní oògùn aràn, kí ẹ sì máa tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 8. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù títí yóò fi pé oṣù 6. Ìyá rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ lò ó. Ìwọ̀n ara ajá ló ń sọ iye oògùn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko wọ̀n ọ́n.

Ṣùgbọ́n oògùn nìkan kò tó, torí ilẹ̀ àgbàlá gan-an ni ewu wà. Ẹyin aràn gígùn tí wọ́n ń pè ní Toxocara kì í lè ran èèyàn lọ́jọ́ tó bá ìgbẹ́ jáde. Ó máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó gbó. Tó bá wá gbó tán, ó lè wà nínú yẹ̀pẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bílíìṣì kò sì ní pa á. Ẹni tó ń kó ìgbẹ́ ajá lójoojúmọ́ ti kó ewu yẹn kúrò kó tó gbó. Mi ò mọ iṣẹ́ kékeré mìíràn tó lérè tó báyìí.

Nítorí àwọn ọmọdé ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn. Wọ́n ń wa yẹ̀pẹ̀, wọ́n sì ń fọwọ́ sẹ́nu. Aràn yìí lè rìn dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ojú ọmọ, ó sì lè fọ́ ọ lójú. Ọṣẹ àti omi kí wọ́n tó jẹun, ní gbogbo ìgbà.

Aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ yá ju èyí lọ. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ ọ̀rinrin, awọ ẹsẹ̀ ló sì ń gbà wọlé. Ẹ wọ bàtà. Bí ìlà pupa wíwọ́ tó ń yún bá ń rìn lábẹ́ awọ, ẹ lọ rí dókítà. Ọmọ ajá tí èrìgì rẹ̀ bá funfun, tó sì ń yàgbẹ́ dúdú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Ó lè kú.

Ohun tó dà bí hóró ìrẹsì nídìí ajá, aràn pẹlẹbẹ ni. Oògùn aràn tí wọ́n ń pè ní pyrantel kì í pa á, oògùn praziquantel ló ń pa á. Kòkòrò tó ń fò nínú irun ajá ló sábà máa ń gbé e wá, nítorí náà ẹ pa ìyẹn náà.

Ẹ̀yin tó ń sin àgùntàn, ẹ má ju ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró tútù fún ajá nígbà tí ẹ bá pa ẹran, torí ajá lè kó aràn níbẹ̀. Ẹ sè é jinná, tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà níbi tí ajá kò ti lè wú u.